Etí Ni Àbí Ìwé? Ìbéèrè Yín Lórí Orin Ìbílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti ń ta fáyólìn, nóòtì ni wọ́n sì fi kọ́ mi, ẹ ṣáà gbé ìwé síwájú mi, màá ta á. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti àwọn kan tó ń ta orin ìbílẹ̀ Áyálándì ni wàhálà dé, torí kò sẹ́ni tó mú ìwé dání nínú wọn, wọ́n á kàn mú un, wọ́n á ta á bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á bọ́ sí òmíràn, èmi á ṣì máa ṣí ìwé kiri. Mo wá lọ wá ọ̀kan nínú àwọn orin náà nínú ìwé, mo ta á gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni ọ̀kan nínú wọn bá ní nóòtì pé o, àmọ́ kò ṣeé jó sí. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sóhun tó kù tó ò ṣe, ìwé yẹn ni kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún ẹ. Jẹ́ ká mú hónpáìpù, ọ̀kan lára orin ijó wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n á kọ àwọn nóòtì kéékèèké inú ẹ̀ bíi pé gígùn wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ta á máa ń jẹ́ kí àkọ́kọ́ gùn ju ìkejì ẹ̀ lọ díẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń gbé ẹsẹ̀ oníjó. Bó o bá bi wọ́n, ọ̀pọ̀ ò ní lè ṣàlàyé ẹ̀ torí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ríìlì, orin ijó wọn mìíràn, náà ńkọ́? Wọ́n á to nóòtì mẹ́jọ mẹ́jọ sínú báà, ìyẹn àlàfo tí wọ́n fi ìlà pín orin sí, kò sóhun tó sọ fún ẹ èyí tó yẹ kó o tẹ̀, ibi tó yẹ kó o ti yí igi tó o fi ń fà á padà, ibi tó yẹ kó o ti fi ìka jan nóòtì kan fẹ́rẹ́ kó o tó kúrò lórí ẹ̀. Ìránnilétí ni wọ́n kọ ọ́ fún, fún ẹni tó ti gbọ́ orin náà rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1792 wọ́n kó àwọn tó ń ta háàpù, ohun èlò olókùn púpọ̀ tí wọ́n ń fi ìka ta, jọ sí Belfast ní Áyálándì, ará Áyálándì mẹ́wàá àti ẹnì kan láti Wales, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fọ́jú, etí ni gbogbo wọn fi gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ wọn. Ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Edward Bunting ni wọ́n gbà kó máa kọ ohun tí wọ́n bá ta sílẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má fi nóòtì kankan kún un. Nígbà tí ìwé máa fi jáde ní 1796, ó ti sọ gbogbo ẹ̀ di orin piano! Denis Hempson wà níbẹ̀, bàbá tó ti lé ní 90 ọdún, òun nìkan ló ṣì ń fi èékánná gígùn ta okùn wáyà bíi ti àtijọ́, kò sí ìró ọwọ́ bàbá yẹn nínú ìwé náà. Síbẹ̀ mi ò ní bú Bunting, torí ká ní kò kọ nǹkan kan ni, púpọ̀ nínú orin yẹn ni ì bá ti bá àwọn àgbà yẹn wọ sàréè.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Mú orin kan ṣoṣo, máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n ta títí wàá fi lè fi ẹnu hùn ún látòkèdélẹ̀, má tíì fọwọ́ kan fáyólìn rárá. Lẹ́yìn náà, wá nóòtì tí orin náà máa ń sinmi lé, ìyẹn ni wàá fi mọ ibi tó o wà. Ọ̀pọ̀ nínú orin ijó Áyálándì, apá méjì ni wọ́n ní, báà mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n á ta apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó di 32, àmọ́ bó o bá fetí sí i dáadáa wàá rí i pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ apá kan sábà máa ń padà wá ní àárín ẹ̀, ìparí apá méjèèjì náà sì sábà máa ń jọra, torí náà ohun tó o fẹ́ kọ́ gan-an ò tó báà 32 rárá. Ápù wà lórí fóònù tó máa fa orin falẹ̀ láì yí ohùn ẹ̀ padà, lò ó, kì í ṣe màgòmágó. Béla Bartók, ará Họ́ngárì tó ń ṣẹ̀dá orin, tó mọ nóòtì kọ ju èmi àti ìwọ lọ, máa ń gbé fonógíráàfù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà yẹn, kiri ìgbèríko Họ́ngárì, ó sì tún padà sídìí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tún èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ kọ, torí etí ẹ̀ ti wá ń gbọ́ ohun tí kò gbọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Ìgbà tó o bá ti ta á mọ́ etí tán ni kó o wá ṣí ìwé, kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá sì wà láàrin wọn, máa ta èyí tó o bá ti gbọ́, kódà kó jẹ́ nóòtì mẹ́ta péré, kó rọra lọ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbé irin tí wọ́n ń gbé ìwé lé wá síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ti èmi yàtọ̀. Etí ni mo fi kọ́ gìtá, mi ò mọ nóòtì kan. Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá lọ kọ́ kíkà, á ba etí mi jẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni jàre. Mo ti gbọ́ ọ tó, inú sì máa ń bí mi, torí àwọn tó ń fi àìmọ̀ọ́kà yangàn yẹn náà ló ń bẹ ẹlòmíì pé kó bá àwọn kọ orin àwọn sílẹ̀. Francis O'Neill tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ní Chicago, orí ẹ̀ kún fún orin Áyálándì, àmọ́ kò lè kọ nóòtì, James O'Neill ló ń bá a kọ ọ́. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1903, orin 1,850 ló wà nínú ẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń tinú ẹ̀ yọ orin tí ẹnikẹ́ni ò ta mọ́ títí dòní. Bó ò bá lè kà á, ẹni tó bá lè kà á lo máa dúró dè.

Kọ́ kíkà lórí orin tó o ti mọ̀. Gbé èyí tí ọwọ́ ẹ ti mọ́ síwájú, máa wo bí wọ́n ṣe kọ ohun tó o ń gbọ́ lórí, etí ni yóò máa kọ́ ojú. Bí sítáfù, ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ nóòtì sí, bá dẹ́rù bà ẹ́, fi sòlfá bẹ̀rẹ̀, èyí tí John Curwen mú gbajúmọ̀ láti ara iṣẹ́ Sarah Glover ní England ní nǹkan bí 1840, torí nínú tiẹ̀, dò lè wà ní kíì èyíkéyìí, ìyẹn ohùn yòówù tó o bá fi bẹ̀rẹ̀ orin, ìbátan nóòtì sí ara wọn ló ń kọ́ ẹ, ohun tí etí ẹ sì ti ń ṣe látọjọ́ yìí náà nìyẹn. Tábù gìtá dáa, àmọ́ ibi tí ìka máa wà ló ń sọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sọ bí nóòtì ṣe máa gùn tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ mi pé ọdún méje, ó fẹ́ kọ́ fáyólìn. Ìwé ni àbí etí ló yẹ kó ṣáájú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Etí ni. Ọ̀nà tí Shinichi Suzuki ará Japan là sílẹ̀ nìyẹn, ọmọ á máa gbọ́ orin náà nílé lójoojúmọ́, á máa ta á, kíkà á wá tẹ̀lé e nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ́lẹ̀, torí ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ kó tó mọ ìwé kà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí kíkà pẹ́ jù, mo mọ àwọn ọmọ tí etí wọn mú débi pé wọ́n á gbọ́ tíṣà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa díbọ́n bíi pé wọ́n ń wo ìwé. Ẹ gbé orin tí kò gbọ́ rí síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ fi mọ̀. Bí tíṣà kan bá sì sọ fún yín pé kò gbọ́dọ̀ fi etí mú orin kankan títí á fi parí ìwé kìíní, ẹ wá tíṣà mìíì.