Èsì: Ṣé ẹran ni ṣàkì àbí awọ?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ni ṣàkì àbí awọ. Ó ní tibí, ó ní tọ̀hún. Tí ẹ bá tún ra ṣàkì níbí l'Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ojú inú tó rí bíi táwẹ̀lì yẹn ni tíṣù (ìyẹn àkójọ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara) tó ń boni lára. Irú sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú awọ náà ni, torí koríko líle ló ń gbo ó. Abẹ́ rẹ̀ ni tíṣù tó ń so ara pọ̀ wà, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí ṣàkì le lẹ́nu (ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, á rọ̀). Ẹran gan-an ló kàn, ìpele 2, tó ń po koríko nígbà tí màlúù wà láàyè. Ìṣẹ́jú kan kì í sábà kọjá kó má sún kì. Okùn ìmọ̀lára tíntìntín tí ojú ò lè rí ló wà láàárín wọn, tó ń darí ẹ̀. Tíṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, títí kan ẹran àti okùn ìmọ̀lára, ló para pọ̀ di ẹ̀yà ara kan. Ọkàn màlúù náà ní gbogbo wọn, ẹran ló kàn pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ò sì ní fi ọkàn sílẹ̀ ra ṣàkì láé.