Kẹ́ ẹ tó gba SASE, ẹ bi wọ́n níbi tí PoP wọn wà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ́fíìsì yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ìkẹjà, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́, firewall ibẹ̀ ti gbó, ṣé kẹ́ ẹ ra tuntun ni àbí kẹ́ ẹ gba SASE tí wọ́n ń polówó fún yín. Èmi ni mò ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ kan tó jọ tiyín, a ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé.

Gartner, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló sọ SASE lórúkọ ní 2019, kò sì ju kí wọ́n kó SD-WAN tó ń yan ọ̀nà tí dátà máa gbà àti firewall tó ń yẹ dátà wò pọ̀ sórí cloud lọ. Ó bọ́gbọ́n mu, torí tí ímeèlì àti àkáǹtì yín bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni dátà Àkúrẹ́ tún ń wá lọ Ìkẹjà kó tó jáde?

Ibi tọ́rọ̀ wà ni PoP, ìyẹn ibùdó tí dátà yín máa kọ́kọ́ dé kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó tajà fún wa ní àwọn wà káàkiri ayé, òótọ́ ni, àmọ́ London ni tiwa ń lọ. Ẹni tó jókòó n'Ìbàdàn tó fẹ́ ṣí nǹkan tó wà lórí server Èkó, dátà ẹ̀ á gba abẹ́ òkun lọ London á tún gba abẹ́ òkun padà, ohun tí kò yẹ kó ju 20 millisecond lọ á di nǹkan bíi 200, ìpè Teams á máa já. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, wá bàjẹ́ lójú òkun Abidjan ní March 14, 2024, server tó wà l'Èkó níbí gan-an ò ṣeé ṣí, torí òkè òkun ni firewall wà! Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Cloudflare, ọ̀kan lára àwọn tó ń ta SASE, ní ibùdó l'Èkó, ẹ bi àwọn yòókù náà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu o, ẹ ṣe traceroute, tó ń fi ọ̀nà tí dátà ń gbà hàn, láti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan lórí ISP kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, torí PoP lè wà l'Èkó kí ISP yín má pàdé wọn ní IXPN, níbi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń so pọ̀ ní Nàìjíríà, òkè òkun náà ló ṣì máa gbà.

Ọ́fíìsì tó bá ní línì kan ṣoṣo, SD-WAN ò rí nǹkan yàn níbẹ̀, ẹ wá ìkejì, 4G náà tó.

VPN, ìyẹn ọ̀nà tí ẹni tó wà níta ń gbà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ZTNA tó wà nínú SASE rọ́pò. Ẹni tó bá ti wọ VPN, bí wọn ò bá pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé nìyẹn, ZTNA á fún un ní yàrá tó ń ṣiṣẹ́ sí nìkan. Ẹ fi àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí VPN ṣì wà títí ará Àkúrẹ́ á fi lo ZTNA tí wọn ò ráhùn. ISP wo lẹ ń lò ní Àkúrẹ́?