"Bí tọkọtaya bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá": kí ni "mojú" yìí gan-an?

Ìbéèrè tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo mú ọ̀rẹ́ mi mọ ọkọ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọn kì í pè mí mọ́. Ìyá mi ní bí tọkọtaya bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Ṣé òwe aláìmoore nìyẹn ni?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, ó yé mi pé ọ̀rọ̀ náà dùn yín. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ṣoore tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ ló sábà máa ń fi òwe yìí ráhùn lóde òní. Ṣùgbọ́n "yẹ̀bá" ni gbogbo wa ń gbọ́ nínú rẹ̀, "mojú" ló sì gbé ọ̀rọ̀ dání.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà ilé ọmọkùnrin ló ń fojú sóde fún un. Wọn á máa ṣọ́ ọmọbìnrin tó níwà lọ́jà, lódò, níbi ìnáwó. Tí wọ́n bá rí i, wọn á wádìí ilé: ṣé wọn kì í jalè, ṣé kò sí wèrè tàbí ẹ̀tẹ̀ nínú ìran wọn? Wọn á bi Ifá. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn méjèèjì lè má tíì bára wọn sọ gbólóhùn kan. Alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀. Kódà lẹ́yìn ìjọ́hẹn, tí ọmọbìnrin ti gbà, tó ti di àfẹ́sọ́nà, bó bá pàdé ọkọ rẹ̀ lọ́nà, ṣe ni yóò sá pamọ́. Lónìí náà, a ṣì ń gba owó ìṣíjú ìyàwó níbi ìdána. Ojú ni gbogbo rẹ̀ ń yí ká.

Kí ni mojú wá jẹ́? Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké lọ́wọ́ àlejò, a ní kò tíì mojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó kàn máa rí ojú yẹn lónìí, á tún rí i lọ́la, títí tí kò fi ní ṣàjèjì sí i mọ́. Àgbàlagbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní 1992, Richard Moreland àti Scott Beach ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò kan pẹ̀lú obìnrin 4 tí ìrísí wọn jọra. Ọ̀kan kò yọjú sí kíláàsì rárá, èkejì lọ nígbà 5, ẹ̀kẹta nígbà 10, ẹ̀kẹrin nígbà 15. Wọn kò bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi fọ́tò wọn han kíláàsì náà, ẹni tó wá jù ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n orogún náà ń rí ojú orogún lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọn kì í sábà fẹ́ràn ara wọn. Ìdí nìyẹn tí òwe fi sọ pé mojú *ara wọn*, tó tún fi "tán" sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó mojú ẹ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohun tó ń sọ kó sì dáhùn. John Gottman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo tọkọtaya ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ka àwọn ohun kéékèèké tí ẹnìkan fi ń pe àkíyèsí ẹnìkejì láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra: "wo ẹyẹ yẹn," tàbí kí ẹnìkan kàn mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 6, ó rí i pé àwọn tó ṣì wà pọ̀ ti dá ẹnìkejì wọn lóhùn nígbà 86 nínú 100. Àwọn tó kọra sílẹ̀, 33 péré. Alárinà kan kò lè bá wọn dáhùn ìyẹn.

Àbúrò ìyá mi kan ṣe alárinà rí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin náà jẹ́ télọ̀, ọmọbìnrin náà ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì títì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán an sí ọmọbìnrin náà pé inú ń run ọmọkùnrin náà láti àná. Kó tó la ẹnu, ìró maṣíìnì dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ka ẹ̀kọ mẹ́ta sínú abọ́, ó gbé ọbẹ̀ ata tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bó ṣe ń rìn láàárọ̀, inú ló ń run ún. Kò ní jẹ ata." Àǹtí mi gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an mì, ó ra ẹ̀kọ tirẹ̀, ó lọ sílé.

Ẹ̀bá náà kò sì jìnnà. Ẹ yẹ̀ kúrò láàárín wọn ni, ẹ kò kúrò lọ́rẹ̀ẹ́. Bí wọn kò bá pè yín, ẹ pè wọ́n, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ẹ má bi í léèrè ọkọ. Nígbà tí télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àǹtí mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ọmọ bú sẹ́kún. Kò tíì mojú rẹ̀.