Kì í ṣe ọgbà ló ń bí ọ nínú, àwo ni

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ọbáńtokò, ní Abẹ́òkúta. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà náà. Mo gé e kù kí ẹ̀yin tó kù lè mọ ohun tí mò ń dáhùn:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Agége ni wọ́n ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Alẹ́ Fúráìdé ni ọkọ̀ ojú irin máa ń já wọn sílẹ̀ ní Ládérìn. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, wọ́n ti wà nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Tí wọ́n bá fi máa fọ ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́rin ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, èmi á gbé ìkòkò kaná. Tá a bá jẹun tán, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn á wọlé, èmi á tún máa wá ìpanu kiri. Àwo tí mò ń fọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló mọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Ìtòkú ló kàn. Ewédú tó rọ̀ jù nínú ọgbà ni wọ́n ń gé lọ fún wọn, èyí tó ti le ló kù fún wa. Ìdájí ọjọ́ Ajé, wọ́n ti lọ. Aládùúgbò mi kan ní ọkùnrin tó bá ń sá sínú ọgbà báyìí, ó ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ṣé kí n gbà á gbọ́? Ṣé kí n ní kí wọ́n má gbin nǹkan mọ́? Ewúrẹ́ ilé kejì ti ń gba géètì ẹ̀yìn wọlé wá jẹ ẹ̀fọ́ wọn báyìí, kí n má purọ́ fún yín, ó ń dùn mọ́ mi. Èmi ni Ìyàwó Ológbà."

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Tí inú ènìyàn bá ń dùn pé ẹran ń jẹ ẹ̀fọ́ inú ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé góńgó nìyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ti aládùúgbò rẹ. N kò lè búra fún ọkùnrin tí n kò rí rí, mo ti dàgbà kọjá ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ẹlòmíràn ní Èkó, èmi mọ ìṣe wọn. Sátidé ni ọ̀gá wọn máa ń pè wọ́n sí ìpàdé. Sátidé ni mọ́tò máa ń bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọn kì í wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ọbáńtokò wá kọ ebè, kí yẹ̀pẹ̀ wà ní èékánná wọn títí wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Tìrẹ ń wálé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Ọlọ́run dá. Tí aládùúgbò yẹn bá tún dé, fún un ní ẹ̀fọ́, kó máa lọ.

Ó ku ohun tó kàn ọ́ gan-an. Mo gbé gíláàsì mi wọjú, mo mú bírò, mo tún lẹ́tà rẹ kà. Nínú gbogbo ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo dárúkọ ọgbà. Tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta. "Kò fẹ́ràn mi mọ́", o kò kọ ọ́ rárá, mo wá a títí. Ṣùgbọ́n àwo, ìkòkò, sísè, fífọ̀, nígbà tí mo kà á dé mọ́kànlélógún, mo gbé bírò sílẹ̀. N kò rò pé ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé bó o ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Nínú apá tí mo gé kúrò, o ní olùkọ́ ni ọ́, ọmọ 45 ló wà ní kíláàsì rẹ. O ń ti ibẹ̀ lọ sí Kútọ̀ ní ọ̀sán Fúráìdé lọ ra kóńgò méjì ìrẹsì ọ̀fadà, nítorí àwọn àlejò Dádì kì í jẹ ìrẹsì òyìnbó. Ha! Ṣé wọ́n mọ ohun tí ọ̀fadà jẹ́? Ìlú tó fún un lórúkọ kò jìnnà sí wa, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé níbẹ̀ yẹn, àwa tá a sì fi ń tọ́ ọmọ mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ ń bá a rìn. Mo rí ọ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀: atẹ́ lórí itan, tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ àgbọ̀n nítorí wọ́n ti mú iná lọ, ìka kan ń ti ìrẹsì sápá kan, èkejì ń ṣa òkúta. Tó o bá fo ẹyọ kan péré, eyín ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ ni yóò bá a, gbogbo abẹ́ máńgòrò yóò sì gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, o ń yọ́ epo pupa fún ọbẹ̀ ata tútù, o ṣí fèrèsé, èéfín kò jáde, ojú ń ta ọ́, o sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níta. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ọ́, ọmọ mi. Ọkọ rẹ ń sinmi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sinmi, bí iyán tó wà lódó ni ìwọ ṣe wà láàárín wọn.

Nítorí náà, rárá, má ní kó má gbin nǹkan mọ́. Tó bá fi ọgbà sílẹ̀ lónìí, wọ́n á kàn tètè dé sábẹ́ máńgòrò ni, agogo méje ni wàá sì gbé ìkòkò kaná.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni yín, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ mọ ìtàn Lísàbí. Kó tó di ẹni tó gba àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, ìtàn sọ pé àáró ló fi kó àwọn ọkùnrin jọ: lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro tìrẹ, kò sí ẹni tó ń jẹ gbèsè ẹnì kan. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́, wọn kì í retí kó san án padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn mẹ́rin yìí kò ro ebè kan, wọn kò tu koríko kan, oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ láti Sátidé dé Sátidé.

Sọ ọ́ di àáró. Àwọn mẹ́rin pẹ̀lú ọkọ rẹ, márùn-ún ni wọ́n. Kí wọ́n máa yí i ká, ilé kan ní Sátidé kan. Tó bá kúrò lọ́dọ̀ yín, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó padà. Ìyàwó wà nílé àwọn náà, àbí kò sí? Tí wọ́n bá ní ilé àwọn kò láyè, wàá mọ̀ pé ìyàwó wọn ti sọ tiẹ̀ tipẹ́, ìwọ nìkan lo dákẹ́. Tó bá sì kan ilé yín, kí wọ́n mú ọkọ́ kí wọ́n tó mú ṣíbí. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀fadà náà. Wọ́n lè da èédú sínú àgbá, kí wọ́n sun bọ̀ọ̀lì, kí ẹnì kan ra ẹ̀pà. Ọkùnrin wo ni kò lè yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná? Kí oníkálukú sì fọ àwo tó fi jẹun. Ọ̀kan nínú wọn yóò sọ pé, "Ìyàwó wa, ẹ ti lé wa nìyẹn o," yóò wá rẹ́rìn-ín kí ìwọ náà lè rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Kí i dáadáa, kó o sì nawọ́ ọṣẹ sí i.

Ìgbà tí wàá sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Má sọ ọ́ lálẹ́ Fúráìdé, orí ẹni tó ti Èkó dé lálẹ́ Fúráìdé ṣì wà ní Agége. Má sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́. Má sì sọ ọ́ lálẹ́ Sọ́ńdè tó ń lọ aṣọ iṣẹ́. Ìdájí Sátidé ni kó o bá a nínú ọgbà.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn ilé wa ní Ìbarà ló máa ń wà, òun àti ewúro rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń pariwo pè é, "ẹ̀n" ló sì máa ń dá mi lóhùn, ẹ̀n kan fún gbogbo ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan, ooru ilé ìdáná lé mi jáde. Mo gbé àpótí, mo gbé ewédú dání, mo lọ jókòó sí ìbòji ògiri, mo ń já a. Kò wò mí. Ó ń tu koríko lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Wọn kò fún mi ní ìgbéga yẹn o." Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti mọ̀! A ti jẹun pa pọ̀, a ti sùn pa pọ̀, mo ti ka owó tá a máa fi ìgbéga náà ṣe lójú rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Mo ń já ewédú lọ, igi rẹ̀ ń ga sí i lórí bébà níwájú mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ló kọjú sí tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà tí kò lè sọ̀rọ̀ gidi bí ojú bá ń wo ojú.

Nítorí náà gbé àpótí jáde. O ní o kórìíra ekòló, kò sẹ́ni tó ní kó o fọwọ́ kàn án. Ṣáà wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ yóò máa ṣe, kó o wá sọ tìrẹ pẹ́rẹ́: "Dádì, kóńgò méjì ni mò ń ṣa òkúta rẹ̀ ní gbogbo Fúráìdé. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín máa yí i ká." Ó tó bẹ́ẹ̀. Má fi ti aládùúgbò kún un, má fi ti ìyá rẹ̀ kún un. Tó bá dá ọ lóhùn pé "ẹ̀n", dúró dè é.

Ti ìyá rẹ̀ yẹn ńkọ́? Níbẹ̀, lẹ́yìn ọkọ rẹ ni mo wà. Ìyá tó bí i ló ni ewédú tó rọ̀, n kò ní í bá ọ jà á. Ṣùgbọ́n bi í bó ṣe ń kórè rẹ̀. Tó bá ń fà á tu ni, ó ti tán nìyẹn. Tó bá fi ọ̀bẹ gé e, tó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, yóò yọ ẹ̀ka tuntun, èyí tó rọ̀ yóò sì kan ìwọ náà. Èyí tó o pè ní líle yẹn, mo fura pé àwọn tó ti pẹ́ jù lórí igi ni. Òjò oṣù Kẹsàn-án ti padà lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ, ààyè ṣì wà. Gba ebè kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kó máa jẹ́ tìrẹ. Èso ewédú máa ń lọ́ra láti hù nítorí èèpo rẹ̀ le, nítorí náà di í sínú aṣọ, tì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, kó o tó fọ́n ọn. Gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin o ti ń gé e. Tí ẹ bá ní ìgbẹ́ adìẹ, kó kọ́kọ́ jẹrà dáadáa, tútù rẹ̀ máa ń jó ẹ̀fọ́.

Ti tẹlifíṣọ̀n kò gùn. O ní o ń ronú láti ra kejì sí yàrá, kó o lè máa wo fíìmù Yorùbá tìrẹ. Má rà á. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní Ìbàdàn, nígbà tó sì fi máa dé àdúgbò wa, ilé kan ṣoṣo ló ní in, ojú fèrèsé wọn ni gbogbo wa ń tò sí. Ẹ̀yin méjì péré, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ tún fẹ́ pín sí yàrá méjì? Bọ́ọ̀lù ló ni Sátidé. Láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ìwọ lo ni rìmóòtù. Bó bá fẹ́ kó sùn sórí àga níwájú fíìmù rẹ, fi aṣọ bò ó.

Ó ku ewúrẹ́. Sọ fún ọkọ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ kì í dá a dúró, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́. Eérú tá a ń wọ́n nítorí kòkòrò kò sì kàn án. Wáyà tó ga dé àyà ló lè dá a dúró, kí ẹ sì máa ti géètì ẹ̀yìn yẹn pa. Ẹ̀ẹ̀mejì lo kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ọmọ mi, mo ti sin ewúrẹ́ rí. Kò sí èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì.