Ṣé lékeléke ni ká bẹ̀rù, àbí krétì ọlọ́jà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo ń sin adìẹ ẹlẹ́yin nítòsí dáàmù Ero. Ọmọ mi fi máàpù bird flu, àrùn ẹyẹ tó ń pa adìẹ, kan hàn mí lórí fóònù, gbogbo etí omi ló pọ́n, àárín pupa yẹn gan-an sì ni mo wà. Aládùúgbò mi ní ká máa yìnbọn fún lékeléke. Ṣé ká yìn ín ni, àbí kí n kó oko mi kúrò?
Ìyá Ẹlẹ́yin, Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ má yìnbọn fún lékeléke kankan jàre, ẹ̀yin ìyá wa. Pupa yẹn ò sọ pé àrùn ti dé o, ó kàn ń sọ pé tó bá máa dé, ibẹ̀ ló ti lè tètè ráyè wọlé. Àwọn tó ń ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ máa ń wo ibi tí omi àti oko ráìsì wà, bí adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ṣe pọ̀ tó ládùúgbò, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, títì, ọjà, wọ́n á wá fi wé ibi tí àrùn náà ti jà rí. Torí pẹ́pẹ́yẹ igbó ni wọ́n ṣe ń wo omi, àwọn tó ń sá fún òtútù Yúróòpù wá sílẹ̀ wa, wọ́n lè ní fáírọ́ọ̀sì náà lára kó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n á sì máa yàgbẹ́ ẹ sómi. Àbàtà Hadejia-Nguru lápá Àríwá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti máa ń pọ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá sì ń yìnbọn lé ẹyẹ, ṣe ni wọ́n á fọ́n ká, tí èyí tó lárùn á gbé e lọ síbòmíì.

Krétì tí wọ́n fi ń kó adìẹ kiri ọjà ló bà mí lẹ́rù ju omi lọ. Lọ́dún 2006 tí bird flu kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfríkà nìyẹn, oko kan ní Jaji ní Kaduna ni wọ́n ti rí i, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó tún padà wá ní 2015. Mọ́tò tó ń kó adìẹ láti ọjà dé ọjà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ dáadáa. Torí náà, kí krétì àti páálí ẹyin ọlọ́jà má kọjá géètì yín, kí oníbàárà dúró síta, ẹ ní sílípáàsì tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀ nínú ilé adìẹ nìkan. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì kí ẹyẹ má wọlé wá jẹ fíìdì, ẹ má fún adìẹ yín lómi dáàmù láìfi kílórín-ìn, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i, ẹ má sì da pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ mọ́ wọn. Kíkó oko kúrò? Owó gọbọi nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ bird flu yàtọ̀ sí lukuluku, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle?

Ìdáhùn: Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì lè pa adìẹ lójijì, abẹ́rẹ́ lukuluku ò sì dènà bird flu. Àyẹ̀wò ló ń fi hàn, Vom nítòsí Jos ni láábù ìjọba àpapọ̀ wà fún un. Tí adìẹ bá ń kú léraléra, ẹ pe dókítà ẹran ìjọba lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má fọwọ́ lásán kó òkú ẹ̀, ẹ má sì sáré ta ìyókù o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ara yín.