Kí ló dé tí gbogbo ilé ní Haiti fi ń sè ọbẹ̀ elégédé ní ọjọ́ kìíní ọdún?

Ìbéèrè tó délẹ̀ ni pé kí ni ìtumọ̀ ọbẹ̀ elégédé táwọn ará Haiti kì í fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ṣeré láìjẹ, ṣé oúnjẹ ọdún tuntun lásán ni?

Rárá o. Ọdún tuntun kàn bọ́ sí ọjọ́ náà ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804 ni Jean-Jacques Dessalines, olórí àwọn jagunjagun tó bá Faransé jà, kéde òmìnira ní ìlú Gonaïves, tí ilẹ̀ táwọn Faransé ń pè ní Saint-Domingue fi di Haiti. Soup joumou ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Elégédé ni olórí rẹ̀, wọ́n á fi ẹran màlúù, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ata rodo sí i. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn ni pé ẹrú ló ń sè é, olówó ẹrú ló ń jẹ ẹ́, ẹrú ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n sè é, tàgbà tèwe jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan ní Marie-Claire Heureuse, aya Dessalines, ló ní kí wọ́n pín in. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn, ẹ má bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ò fara sin: ohun tí wọ́n fi dù wá, àwa náà ń jẹ ẹ́ báyìí. Ní 2021, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọbẹ̀ náà mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn ni ohun tó fa ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú tó bí òmìnira yìí. Wọ́n á ní ìyà ni. Ìyà wà lóòótọ́: ẹrú tó nǹkan bí 500,000, aláwọ̀ funfun ò sì tó 50,000. Oko ìrèké ń pa wọ́n débi pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ṣíwọ́ kíkó àwọn mìíràn dé láti Kóńgò, láti ilẹ̀ Fọ̀n, láti ọ̀dọ̀ tiwa náà (Nàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ Ògún títí dòní, Ogou ni wọ́n ń pè é). Ṣùgbọ́n ìyà yìí ti wà tipẹ́tipẹ́ kó tó di 1791. Kí ló wá yí padà?

Àwọn ọ̀gá ló dojú ìjà kọ ara wọn. Nígbà tí Paris gbiná ní 1789, tí wọ́n kéde pé ọgbọọgba ni wọ́n bí gbogbo ènìyàn, àwọn olóko ńlá, àwọn aláwọ̀ funfun tí kò rí jájẹ àti àwọn aṣojú ọba ní Saint-Domingue bẹ̀rẹ̀ sí í fa agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àdàlù aláwọ̀ funfun àti dúdú tí wọn kì í ṣe ẹrú náà ní ẹ̀tọ́ ọ̀hún kàn wọ́n. Vincent Ogé, ọ̀kan lára wọn, kó ọmọ ogun jọ nítorí rẹ̀ ní 1790, wọ́n sì pa á nípa ìkà ní oṣù kejì 1791. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Boukman, olórí àwọn ẹrú kan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde ní àríwá, oko ìrèké sì ń jó.

Ogun ọdún méjìlá ló tẹ̀ lé e. Faransé fòpin sí ìsìnrú ní 1794, Napoléon Bonaparte, tó wá ń ṣàkóso Faransé, tún fẹ́ dá a padà ní 1802. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint Louverture, ọ̀gágun tó ṣíwájú Dessalines, ó kú sí ẹ̀wọ̀n ní Faransé ní 1803. Ibà pọ́njú àti àwọn jagunjagun Dessalines ló ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Faransé, ní Vertières, ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Èso rẹ̀ kò dùn tán. Ogun náà wà lára ohun tó mú kí Bonaparte ta Louisiana, ilẹ̀ ńlá tí Faransé ní ní Àríwá Amẹ́ríkà, fún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1816, Pétion, ààrẹ ní Haiti, fún Bolívar, tó ń jà fún òmìnira Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Sípéènì, ní ohun ìjà, ó ní kó dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, Dessalines pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Faransé tó ṣẹ́ kù, òun àti Toussaint sì ti fipá dá àwọn àgbẹ̀ padà sí oko ńlá, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ kékeré tara wọn ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló dènà dè é ní 1806, tí wọ́n pa á.

Ti gbèsè ló burú jù. Ní 1825, ọba Faransé rán ọkọ̀ ogun wá, ó ní kí Haiti san 150 mílíọ̀nù franc fún àwọn olówó ẹrú tó pàdánù ohun ìní wọn, títí kan àwọn ènìyàn gan-an. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, àmọ́ wọ́n yá owó láti san án, èlé sì gun orí èlé. Ọdún 1947 ni wọ́n tó bọ́ nínú rẹ̀.