Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí Kristẹni máa ráhùn sí Ọlọ́run nígbà ìṣòro?

Rárá o. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Bíbélì. Nínú Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni onísáàmù béèrè pé yóò ti pẹ́ tó, kó tó wá sọ pé àánú Olúwa lòun gbẹ́kẹ̀ lé. Ti Sáàmù 88 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òkùnkùn ni wọ́n fi parí rẹ̀, kò yí padà sí ìyìn rárá. Síbẹ̀, “Ọlọ́run ìgbàlà mi” lẹni tó ń sunkún yẹn fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìgbẹ́kẹ̀lé gan-an nìyẹn. Ìkùnsínú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù ló yàtọ̀: nínú Númérì 14, wọ́n ti fẹ́ yan olórí tí yóò kó wọn padà sí Íjíbítì.